Kọfí Lórí Kẹ̀kẹ́, Kòkó Lórí Kẹ̀kẹ́: Ìtàn Ẹgbẹ́ Agunkẹ̀kẹ́ Café de Colombia

Nígbà tí olóòtú ètò yìí kọ́kọ́ fi orí ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Mo bi í léèrè pé kí ni ó kan ọmọ Yewa, tí ń gbé Ìlaròó tàbí Ayétòrò, nínú ìtàn ẹgbẹ́ kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere sáré ìje ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Olóòtú kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní kí n lọ rò ó. Mo rò ó lóòótọ́, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni ó sì kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Raleigh ni kẹ̀kẹ́ náà, dúdú ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi kì í sáábà gùn ún lọ sí òde àríyá. Àpò kòkó ni ó máa ń dì sí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò fi okùn so ó gbọn-in gbọn-in, yóò sì máa tì í bọ̀ láti oko títí dé ìdí òṣùwọ̀n. Níbẹ̀, ẹni tí ó ń ra kòkó (n kò ní í dárúkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè máa wò wá) yóò fi ẹsẹ̀ kan òṣùwọ̀n díẹ̀, ìwọ̀n yóò sì dínkù. Bàbá mi rí i, kò sì sọ nǹkan kan. Iye tí wọ́n kà lé e lọ́wọ́ ní ìdí òṣùwọ̀n nìkan ni ó mọ̀ nípa òwò kòkó. Ibi tí kòkó náà ń lọ, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é bí ó bá dé ibẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un rí. Èyí jẹ́ ní àwọn ọdún 1970 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Ní àkókò kan náà, àwọn àgbẹ̀ mìíràn wà ní òkè òkun tí wọ́n ń gbin kọfí sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Nígbà tí ó di ọdún 1985, orúkọ kọfí wọn ti wà lára ẹ̀wù àwọn ọmọkùnrin tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní ojú gbogbo ayé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà láti sọ ìtàn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn náà ń gbé. Àwọn òkè ńláńlá tí a ń pè ní Andes pín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta nígbà tí wọ́n wọ Kòlóḿbíà, láàrin wọn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ilẹ̀ náà sì ń gbé. Bogotá, olú-ìlú wọn, fi nǹkan bí 2,600 mítà ga ju òkun lọ. Ẹni tí ó bá ti gun Olúmọ rí, kí ó má ṣe rò pé òun ti mọ òkè. Nígbà tí àwọn kan sọ ní ọdún 1950 pé àwọn fẹ́ dá ìdíje kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ tí yóò la ilẹ̀ náà já láti ìlú dé ìlú, gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé ti ń ṣe Tour de France, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kò ṣeé ṣe, pé ọ̀nà wọn kò gba kẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ń pè ní Efraín Forero, ará Zipaquirá, ni ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti dán an wò. Ó gun kẹ̀kẹ́ gba orí òkè Letras, tí ṣóńṣó rẹ̀ ju 3,600 mítà lọ, ó sì gúnlẹ̀ sí Manizales. Kò tún sí ẹni tí ó lè sọ pé kò ṣeé ṣe mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1951 ni wọ́n sá ìdíje náà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n sì pè é ní Vuelta a Colombia. Forero náà ni ó gbégbá orókè.

Ó yẹ kí a mọ irú àkókò tí ó jẹ́. Láti ọdún 1948 ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ náà ti dojú ìjà kọ ara wọn, tí ará abúlé kan ń dá ẹ̀mí ará abúlé kejì légbodò nítorí àwọ̀ àsíá lásán. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ó kú nínú rògbòdìyàn ọdún mẹ́wàá náà tó 200,000. Ẹni tí kò lè dá jáde kúrò ní ìlú rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù a jókòó ti rédíò, a máa gbọ́ orúkọ àwọn ìlú orílẹ̀-èdè rẹ̀ bí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ti ń gbà wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ nínú yín, tí ẹ ti gbọ́ bí Ishola Folorunsho ṣe ń fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ẹ ó mọ ohun tí mo ń wí. Ọ̀pọ̀ ará Kòlóḿbíà fi etí mọ ilẹ̀ wọn kí wọ́n tó fi ojú rí i.

Láti inú ìdíje yìí ni àwọn akọni ti jáde. Ramón Hoyos gba á ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàrin ọdún 1953 sí 1958. Ìtàn ayé rẹ̀ ni Gabriel García Márquez kọ sínú ìwé ìròyìn El Espectador ní ọdún 1955, nígbà tí òǹkọ̀wé náà ṣì jẹ́ oníròyìn tí ayé kò tíì mọ̀. Lẹ́yìn náà ni Martín Emilio Rodríguez, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Cochise, di ọ̀gá ayé nínú eré ìlépa ní ọdún 1971 láàrin àwọn tí kì í fi eré jẹun. Ó ré kọjá lọ sí Ítálì, ó gba ipele kan nínú eré Giro wọn ní 1973, ó sì di ará Kòlóḿbíà àkọ́kọ́ tí yóò sá Tour de France, ní 1975. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó lọ, lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ítálì. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan kọfí nìyí. Ní ọdún 1927 ni àwọn tí ń gbin kọfí ní Kòlóḿbíà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Owó kékeré kan ni a ń yọ lórí àpò kọfí kọ̀ọ̀kan tí ó bá jáde lọ sí òkè òkun, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yìí ni owó náà sì ń lọ. Láti ọdún 1940 ni wọ́n ti ní àpò owó ńlá kan tí wọ́n ń fi ra kọfí lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ibi kan lọ. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní ìpín nínú ọkọ̀ òkun tí ń kó ẹrù. N kò ní kí ẹnikẹ́ni rò pé párádísè ni. Àwọn àgbẹ̀ ńlá àti àwọn aṣojú ìjọba ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kékeré sì ń kùn nípa owó tí a ń yọ.

Ohun kan wà tí wọ́n ṣe tí ó yà mí lẹ́nu. Bùràsíìlì ni ó ń ta kọfí jù lọ ní ayé. Kòlóḿbíà kò lè bá a figagbága nínú pípọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pinnu láti ta orúkọ. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, wọ́n gba àwọn apolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, àwọn wọ̀nyí sì hùmọ̀ àgbẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Juan Valdez, onírùngbọ̀n ètè, tí ó dé fìlà koríko, tí ó ń fa ìbaaka rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí Juan Valdez kankan láyé, òṣèré ni. Síbẹ̀ àwọn tí ń mu kọfí ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí kọfí tí wọ́n ń mu ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1980, Alfonso Flórez ṣáájú ará Rọ́ṣíà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wúrà ní Òlíḿpíìkì Mosko, ó sì gba Tour de l'Avenir, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn aláṣẹ Tour de France ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí kì í fi eré jẹun. Wọ́n rò pé àwọn ará Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ni yóò wá. Kòlóḿbíà nìkan ni ó wá. Ilé-iṣẹ́ Varta tí ń ṣe bátìrì, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Jámánì, ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ wọn. Wọ́n jẹ́ ènìyàn kúkurú, wọ́n tín-ín-rín, ìṣù ṣúgà ìrèké pupa tí wọ́n ń pè ní panela ni wọ́n sì ń jẹ lójú ọ̀nà, tí àwọn òyìnbó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo àjèjì ẹran. Àwọn oníròyìn rédíò wọn tẹ̀ lé wọn wá ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, wọ́n ń pariwo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìyà jẹ wọ́n púpọ̀. Ojú ọ̀nà olókùúta tí ó wà ní àríwá ilẹ̀ Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ egungun wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di orí òkè, àwọn ni ọ̀gá. Yímíyímí ni àwọn ará ilé fi wọ́n wé, nítorí bí wọ́n ti ń tẹra mọ́ òkè láìwẹ̀yìn.

Oṣù keje ọdún 1984 ni ayé wá mọ̀ wọ́n tán. Luis Herrera, tí wọ́n ń pè ní Lucho, ará Fusagasugá, tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú òdòdó rí, ni ó kọ́kọ́ dé orí Alpe d'Huez, òkè tí ọ̀nà rẹ̀ kọ ní ìgbà 21 kí ó tó dé ṣóńṣó. Ó fi Laurent Fignon àti Bernard Hinault sẹ́yìn, àwọn méjèèjì tí wọ́n ti gba Tour de France rí. Kò sí ará Kòlóḿbíà kan tí ó ti gba ipele kankan nínú eré náà ṣáájú rẹ̀. Ẹ sì rántí ohun tí mo sọ nípa Bogotá: ṣóńṣó tí àwọn òyìnbó ń fi ahọ́n jáde gùn náà kò ga tó ibi tí àwọn ará Bogotá ti ń ra búrẹ́dì.

Nígbà náà ni àwọn onígọfí, ẹ jọ̀wọ́, àwọn oníkọfí ni mo fẹ́ wí, rí i pé Juan Valdez tòótọ́ ti dé, ó sì ń gun kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1985, ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi eré jẹun pátápátá, orúkọ Café de Colombia sì wọ inú orúkọ wọn. Ní ọdún yẹn, Herrera gba ipele méjì ní ilẹ̀ Faransé, ó sì wọ ẹ̀wù funfun alámì pupa rogodo-rogodo tí wọ́n ń fún ọba òkè. Ní ọ̀kan nínú ipele méjèèjì, ní Saint-Étienne, ó ti ṣubú lójú ọ̀nà. Ó dìde, ó tún gun kẹ̀kẹ́, ó sì wọlé ní ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí ó bò ó lójú. Àwòrán ẹ̀jẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ará Kòlóḿbíà fi ń rántí ọdún náà. Fabio Parra, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, gba ipele tirẹ̀ pẹ̀lú.

Òkè tente iṣẹ́ wọn ni ọdún 1987, nínú Vuelta a España, ìdíje ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Sípéènì. Herrera gba ipele orí òkè Covadonga. Sean Kelly, ará Áyálándì, tún gba ipò iwájú lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ìdí tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ dá sí i lára kò jẹ́ kí ó lè parí eré, ó sọ̀kalẹ̀. Herrera gba ìdíje náà, ó sì di ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba ọ̀kan nínú ìdíje ńlá mẹ́ta ti Yúróòpù. Àwọn kan ní bí ọgbẹ́ kò bá sí ni Kelly ìbá gbà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nítòsí ẹni iwájú, ọgbẹ́ ẹni iwájú kò lè sọ ọ́ di ẹni àkọ́kọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ilé, sí ojú ààlà tiwa. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fi ọwọ́ sí ìwé tí ó pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn sì pín sí méjì. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ ní agbègbè wa ti ní nǹkan tí ó lè fi ààlà ṣe. Kẹ̀kẹ́ kò mu epo, kò pariwo, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan sì tó o.

Bọ́ọ̀dù ni ó ń ra kòkó nígbà náà. Ìjọba dá a sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1947, ó di ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, ó tún padà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1977. Bọ́ọ̀dù ni ó ń dá iye lé kòkó, iye tí ó ń san fún àgbẹ̀ sì máa ń kéré sí iye tí ó ń gbà ní òkè òkun. N kò sọ pé a fi owó náà ṣòfò o. Lára rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Lára rẹ̀ ni tẹlifíṣàn fi dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, kí ibòmíràn ní Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tó ní i. Liberty Stadium àti Ilé Kòkó sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ gbogbo àti ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ ni n ó yàn, n kò sì ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi fúnra mi jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 àti 1969, owó orí ni wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ṣùgbọ́n owó tí kò tó nǹkan tí a ń san lórí kòkó wà nínú ẹ̀dùn wọn pẹ̀lú.

Ní ojú ààlà, àgbẹ̀ ní ọ̀nà ìdáhùn mìíràn. Bí iye tí Bọ́ọ̀dù ń san bá kéré sí ti òdìkejì, kòkó a gun kẹ̀kẹ́ ní òru, a gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, a di fàyàwọ́. Ní àwọn ọdún 1970, kòkó Nàìjíríà tí ó gba Dahomey jáde, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Benin ní 1975, pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ náà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbin kòkó, fi ń ta kòkó sí òkè òkun. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti yí: ní Kòlóḿbíà, kẹ̀kẹ́ ni ó gbé orúkọ irè oko jáde sí ayé, ní ọ̀dọ̀ tiwa, orí kẹ̀kẹ́ ni irè oko ti sọ orúkọ rẹ̀ nù. Òǹkàwé ìwé ọjà ní Yúróòpù yóò rí kòkó Benin nínú ìwé rẹ̀, kò sì ní í mọ̀ pé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ará Yewa ni ó ti sọ̀kalẹ̀.

Kí a má bàa rò pé àwọn kan gbọ́n ju àwọn kan lọ, ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹgbẹ́ náà ti parí. Láti ọdún 1962 ni àdéhùn kan ti wà láàrin àwọn tí ń ta kọfí àti àwọn tí ń rà á, tí ó ń pín iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tà, kí iye rẹ̀ má bàa já. Ní oṣù keje ọdún 1989, àdéhùn náà túká. Láàrin oṣù díẹ̀, iye kọfí já dé nǹkan bí ìlàjì. Ẹgbẹ́ àwọn oníkọfí kò rí owó tí wọn yóò fi ra kọfí lọ́wọ́ àgbẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ owó tí wọn yóò fi bọ́ agunkẹ̀kẹ́. Parra ti lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ará Sípéènì kan ṣáájú, ibẹ̀ ni ó ti gba ipò kẹta ní Tour de France 1988. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ Café de Colombia kò sí mọ́. Herrera fi eré sílẹ̀ ní 1992. Ní ọdún kan náà ni wọ́n pa Alfonso Flórez ní Medellín. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọdún 1986 ni ìjọba ti fagi lé Bọ́ọ̀dù kòkó, ní oṣù mélòó kan sí ara wọn pẹ̀lú ìwólulẹ̀ náírà. Olúkúlùkù àgbẹ̀ di ẹni tí ń dá tà fún ẹni tí ó bá wá.

Àwọn ọmọ Kòlóḿbíà kò dẹ́kun gígun kẹ̀kẹ́. Nairo Quintana gba Giro ti Ítálì ní 2014, ó gba ti Sípéènì ní 2016. Ní 2019, Egan Bernal gba Tour de France fúnra rẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti Gúúsù Amẹ́ríkà; Zipaquirá ni ó ti dàgbà, ìlú Efraín Forero tí ó kọ́kọ́ dán òkè Letras wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí Bernal wọ̀ ní Paris, orúkọ Ineos, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wà lára rẹ̀.

Áfíríkà náà ti wọlé. Ní 2015, gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí Herrera ti wọ ẹ̀wù alámì pupa náà, Daniel Teklehaimanot ti Eritrea wọ irú rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ MTN-Qhubeka láti Gúúsù Áfíríkà. Ní 2024, Biniam Girmay, ará Eritrea kan náà, gba ipele mẹ́ta nínú Tour de France. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Kigali ní Rwanda gba àlejò ìdíje àgbáyé, tí kò tíì wá sí Áfíríkà rí. Ẹ̀yin ará Ìlaròó mọ MTN dáadáa. Owó káàdì wà lára ohun tí ó gbé kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn dé ilẹ̀ Faransé.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, kòkó tọ́ọ̀nù kan ju 12,000 dọ́là lọ ní ọjà New York, iye tí kò tíì tó rí. Mo wà ní abúlé wa ní àkókò náà. Ọ̀kadà ni ó ń kó kòkó báyìí, àpò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bi ọmọkùnrin tí ó ń gùn ún pé níbo ni ó ń kó o lọ. Ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun ni. Mo ní láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́? Ó wo àwọn àpò náà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú, wọn kò kọ ọ́ sí i lára,” ó sì ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀.